Òkúta Tó Já Fúnra Rẹ̀

"Mẹ́tàlélógójì," ni Òṣùwọ̀n wí.

Mo ní kó tún un wọ̀n. Ó tún un wọ̀n, ó tún ní mẹ́tàlélógójì.

"Ṣé o jọ̀ ọ́ dáadáa? Àbí nǹkan há sójú asẹ́ rẹ?"

"Kò sí ohun tó há. Òkúta ìlú Ìdí-Ìyeyè, àwo kejì. Nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n, mẹ́tàlélógójì di ìyẹ̀fun. Òfin kò gbà kó ju ọgbọ̀n lọ. Àwo kejì kùnà. Ó ku àwo kan ṣoṣo."

"Mo gbọ́, mo gbọ́. Ṣé ẹnu kì í dùn ọ́ ni?"

"N kò ní ẹnu."

Òótọ́ ló sọ. Irin lásán ni. Ó ga tó èjìká mi, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi dúró, ife irin kan sì wà ní ikùn rẹ̀. Bí mo bá rọ òkúta wẹ́wẹ́ kún ife náà, ìyẹn ni à ń pè ní àwo kan. Òṣùwọ̀n á fi ọwọ́ irin rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ á fi máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, á jọ̀ ọ́, á wá wọn ìyẹ̀fun tó bọ́ sílẹ̀. Òkúta tó bá le kì í fi bẹ́ẹ̀ di ìyẹ̀fun. Èyí tó bá rọ̀, bí ẹ bá jọ̀ ọ́ tán, ẹ̀bà ló kù kí ẹ fi tẹ̀. Ọdún mẹ́fà rèé tí èmi àti irin yìí ti jọ ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, òun nìkan sì ni òfin gbà kí n bá sọ̀rọ̀. Dúrórìíkẹ́ lorúkọ mi. Òun, Aláyẹ̀wò Kẹtàdínlógún ló ń pè mí. Ẹ wá wo irú ẹnìkejì tí wọ́n fi kẹ́ mi.

Mo mú ìwé ìkéde, mo ká aṣọ àgọ́ sókè, mo jáde sínú oòrùn ọ̀sán.

Àwọn méjì ló ń dúró dè mí lábẹ́ igi ìyeyè. Ọ̀kan ni Ìyá Olúgbodi, arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òun sì ni olórí ìlú. Ìkejì ni Láníyọ̀nu, bíríkìlà wọn, ọkùnrin bí ẹni ogójì ọdún tí sìmẹ́ńtì ti jẹ ọmọ ìka rẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n dìde.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá aláyẹ̀wò," ni Ìyá Olúgbodi wí. Nígbà tí n kò dáhùn, ó dá ara rẹ̀ lóhùn: "Òo. Ṣé ara le? A dúpẹ́. Ará ilé ńkọ́? Wọ́n wà."

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ọjọ́ márùn-ún tí mo ti dé. Mo ti yẹ ìlú mọ́kàndínlógójì wò. Nínú gbogbo wọn, bí wọ́n bá ti kí mi lẹ́ẹ̀mejì tí n kò jẹ́ wọn, wọ́n á ṣíwọ́. Àwọn kan á bú mi ní agbéraga, àwọn kan á ní ta ló bí mi ná. N kò bá wọn wí. Èmi náà, bí ẹnì kan bá wá sí ìlú wa tí kò dáhùn ìkíni, n ó bú u dáadáa. Ti Ìyá Olúgbodi yàtọ̀. Ó gbà pé ìkíni kì í já sílẹ̀, bí ẹni tí à ń kí kò bá lè gbé e, kí ẹni tó ń kíni bá a gbé e.

Ẹ̀gbà tí wọ́n fi sí mi lọ́rùn ni kò jẹ́ kí n dáhùn. Ó ń gbọ́ran, ó sì ń ríran. Ohun tó wà nínú ìwé ìkéde nìkan ni mo lè sọ sétí ọmọ ènìyàn títí ìlú ogójì yóò fi pé. Bí mo bá fi gbólóhùn kan lé e, gbogbo ìlú tí mo ti yẹ̀ wò di òfo, n ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí oókan. Ìdí-Ìyeyè yìí ni ogójì, lẹ́yìn rẹ̀ ni n ó tó lọ sílé.

Mo ka ìwé náà fún wọn bó ṣe wà:

"Àwo kejì kùnà. Ẹ ní ọjọ́ méjì láti kó àwo kẹta wá. Bí àwo kẹta bá kùnà, ìlú yìí kò ní rí àṣẹ gbà láti kọ́ Ilé Gíga. Ìlú tí kò bá ní Ilé Gíga kí òjò tó dé, ọkọ̀ yóò kó gbogbo ará ibẹ̀ lọ sí Ibùdó."

Láníyọ̀nu di orí mú. "Ibùdó kẹ̀? Ìyá, ẹ dákun. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Ibùdó. Ènìyàn méjìdínlógún ni wọ́n kó sí yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà ní àgbègbè mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń fojú kan ara wọn. Ṣé a ò lè ra òkúta lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa ni?"

"Láníyọ̀nu, jókòó," ni arúgbó náà wí. "Òkúta kì í kọjá ààlà mọ́, o mọ̀. Ìgbà tó ń kọjá ààlà, ṣebí wọ́n fọ́ òkè gbogbo ayé tán láti fi kọ́ Odi Òkun, òkun sì tún gba orí odi náà kọjá. Àwọn tó fi òkè wọn tọrẹ nígbà náà, inú kòtò ni wọ́n ń gbé dòní." Ó kọjú sí mi. "Ẹ ṣeun, ìyá aláyẹ̀wò. A ó kó òmíràn wá. A ó ṣa èyí tó dára."

Ó gbá ọ̀pá rẹ̀ mú, ó pe Láníyọ̀nu, wọ́n sì lọ.

Mo padà sínú àgọ́, mo da ìyókù òkúta wọn sórí tábìlì. Mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló pọ́n rẹ́súrẹ́sú, igun wọn ti kú. Mo fi èékánná họ ọ̀kan, ó họ. Mo yí òmíràn po, mo ń wá ojú òòlù lára rẹ̀, n kò rí. Mo wò tó ogún, kò sí ẹyọ kan tí òòlù kàn.

"Họ́wù! Irú òkúta ìkọ́lé wo ni kò ní ojú òòlù lára?"

"Ìbéèrè yìí kò sí lára iṣẹ́ mi," ni Òṣùwọ̀n wí.

"Kí tiẹ̀ ló wà lára iṣẹ́ rẹ, gbẹ́ndẹ́kẹ yìí?"

"Ìtẹ̀, ìjọ̀, ìwọ̀n."

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, mo gba ẹ̀yìn ìlú lọ sí ìdí òkè wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Arúgbó. Àpáta ńlá kan ṣoṣo ni, ó borí gbogbo ìlú. Ìyá Olúgbodi wà níbẹ̀, Láníyọ̀nu wà níbẹ̀, àwọn obìnrin bíi mẹ́wàá sì ń ṣa òkúta. Bí ẹnì kan bá rí èyí tó wù ú, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, á ní "A dúpẹ́ o, Arúgbó," á wá gbé e sínú agbọ̀n. Mo wo ọwọ́ wọn yí ká. Kò sẹ́ni tó mú òòlù dání.

"Ẹ wá wo bí a ti ń ṣe é?" ni Ìyá Olúgbodi wí. "Ẹ káàbọ̀. Òo." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ara àpáta náà. "Ọdún tí omi ńlá dé, orí Arúgbó yìí ni gbogbo wa sá gùn. Oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ mọ́kànlá la lò lókè. Ibẹ̀ ni mo bí Olúgbodi sí, lórí òkúta lásán, òjò ń pa mí. Ìgbà tí omi fà tí a sọ̀ kalẹ̀, a bá a mulẹ̀ pé irin kankan kò ní kan ara rẹ̀ láéláé. A kì í gbẹ́ ẹ, a kì í lù ú. Èyí tó bá já fúnra rẹ̀ là ń mú."

Láníyọ̀nu gbá ẹrùpẹ̀ dànù lára òkúta kan, ó fi hàn mí. "Èyí tó já fúnra rẹ̀ ti gbà láti bá èèyàn gbé nìyẹn, ìyá. Òun ni mo fi kọ́ gbogbo ilé tí ẹ ń wò yìí."

Mo wo àwọn ilé náà. Ilé ilẹ̀ ni gbogbo wọn, sísán sì wà lára ògiri wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orí mi o! Bí ẹni pé kí n kígbe. Òkè wo ló ń já èyí tó le sílẹ̀? Èyí tí oòrùn àti òjò ti jẹ títí tó fi rà ló ń já. Ó ti kú lára àpáta kó tó já. Àádọ́ta ọdún rèé tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti ń ṣa òkú òkúta, tí wọ́n ń dúpẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n sì ti wá kó o fún mi lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Mo yí gba ẹ̀yìn òkè náà lọ, níbi tí wọn kò ti lè rí mi. Òfin gba aláyẹ̀wò láyè láti ṣẹ́ èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́ wò. Mo fa òòlù yọ nínú àpò mi. Àkọlù kìíní, awọ pupa tó bo àpáta náà ya dànù. Ìkejì, ó tún ya. Ní ìkẹrin, òòlù ta padà lọ́wọ́ mi, gbogbo apá mi sì dùn dé èjìká. Mo tún un lù, ó dún gooro. Mo ti gbọ́ ohùn òkúta ìlú mọ́kàndínlógójì, kò sí èyí tí ohùn rẹ̀ mọ́ tó báyìí. Èyí tí mo ṣẹ́ dúdú bí aró, ó tutù, etí rẹ̀ sì mú débi pé ó ya mí lọ́wọ́.

Mo jókòó, ọgbọ́n kan sì sọ sí mi lọ́kàn. Kí ló dé tí n kò kúkú ṣẹ́ èyí tó kún ife? Bí wọ́n bá gbé àpò wọn dé, n ó dà á nù nínú àgọ́, n ó fi tèmi sí i. Òṣùwọ̀n kì í béèrè ibi tí òkúta ti wá. Àwo kẹta á yege, ìlú á dúró síbi tó wà, ìlú ogójì mi á pé, n ó lọ sílé. Ta ni yóò mọ̀? Ẹ̀gbà kì í ṣọ́ òkúta, bí mo ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ló ń ṣọ́. Inú mi ti ń dùn. Mo ti gbé òòlù sókè kí n tó rántí Láníyọ̀nu.

Ọjọ́ tí àṣẹ bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, èyí tó já fúnra rẹ̀ náà ni yóò tún lọ ṣà. Òun ni yóò pò mọ́ sìmẹ́ńtì. Àjà mẹ́rin ni Ilé Gíga, gbogbo ìlú ni yóò sì kó sínú rẹ̀ lákòókò òjò, tọmọ tìyá. Yóò wó pa wọ́n ni. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ rí, òun ló sì bí òfin tó dè mí lẹ́nu yìí. Aláyẹ̀wò kan fẹ́ ìyàwó ní ìlú tó lọ yẹ̀ wò, ó fojú fo òkúta tó rọ̀ nítorí àna, Ilé Gíga ìlú náà sì wó sórí wọn láàárín òjò. Ìyàwó ọ̀hún wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ní aláyẹ̀wò kò gbọdọ̀ lọ́rẹ̀ẹ́, kò gbọdọ̀ jẹun lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, kò gbọdọ̀ kí ènìyàn. Mo mọ ìdí òfin náà, n kò sì lè bú u tán. Mo sọ òòlù sílẹ̀.

Ṣé n kò lè sọ fún wọn láìsọ̀rọ̀ ni? Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé òòlù mi àti òkúta dúdú náà sí ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ sí ìdí òkè. Mo ní ẹni tó bá lójú á rí òòlù, á rí òkúta, á so méjèèjì pọ̀. Mo wá jókòó sẹ́nu àgọ́, mo ń ṣe bí ẹni tó ń nu asẹ́.

Láníyọ̀nu ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó rí òòlù, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ẹrùpẹ̀ ara òòlù náà tónítóní, ó gbé e wá sí àgọ́ mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà á sí mi.

"Ìyá, ẹ gbàgbé irinṣẹ́ yín sójú ọ̀nà. Ẹ má bẹ̀rù, kò sólè nílùú wa."

Kí n tó mọ ohun tí mo lè fi ojú sọ, mo gbọ́ ohùn Ìyá Olúgbodi láti ojú ọ̀nà. Ó ń pariwo bí ọmọdé. "Ẹ wá o! Ẹ wá wo ohun tí Arúgbó já fún wa láàárọ̀ yìí! Ẹ wò ó bó ti dúdú! Ó ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa!" Àwọn obìnrin sá jáde. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń fi í kan iwájú orí. Ìyá Olúgbodi kúnlẹ̀ sí kòríko, tòun ti orúnkún tó ń ro ó, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ òkè. Nígbà tó ṣe tán, ó gbé e sínú àpò àwo kẹta, sáàárín àwọn òkú òkúta yòókù.

Mo fẹ́ sunkún, ẹ̀rín sì fẹ́ pa mí. Ẹ̀gbà ọrùn mi gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó fún mi lọ́fun díẹ̀. Ìkìlọ̀ nìyẹn. Ó ti rí mi.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ohùn ọmọ mi dé. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni Òṣùwọ̀n máa ń gbé e fún mi gbọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní: ohùn ń wọlé, kò sí èyí tó ń jáde.

"Ìyá mi, Ìbídùnní ni o. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, èyíkéyìí tó bá bá yín. Wọ́n ní ìlú ogójì lẹ wà! Mo ti tẹ́ ibùsùn yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹwàtómi pé ọdún mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó bi mí pé, 'Màmá, ṣé ìyá yín ní ohùn?' Mo ní ohùn ìyá mi ló dùn jù nílé wa. Ó ní irọ́ ni mò ń pa, òun kò gbọ́ ọ rí." Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì já lójijì. "Ẹ tètè máa bọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ilé yìí ti tóbi jù."

N kò tíì gbé Ẹwàtómi, ọmọ ọmọ mi, rí. Ó ku ọjọ́ kan. Kí n ṣáà ti gba àpò òkúta, kí n tẹ̀ ẹ́, kí n ka ìwé ìkéde. Òkúta wọn ló kùnà, kì í ṣe èmi ni mo dá òkè náà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo rìn yí àgọ́ po títí ẹsẹ̀ mi fi gbẹ́ ọ̀nà sílẹ̀.

"Òṣùwọ̀n."

"Mo wà."

"Bí aláyẹ̀wò bá sọ̀rọ̀, ta ló ń jẹ ìyà rẹ̀? Ṣé ìlú ni àbí òun?"

"Aláyẹ̀wò. Àyẹ̀wò ìlú kì í bàjẹ́. Òkúta kò gbọ́ ọ̀rọ̀."

"Ọdún mẹ́fà mìíràn nìyẹn."

"Bó bá jẹ́ bí o ṣe ń rìn yìí, méje. Ọjọ́ orí rẹ ti di mọ́kànléláàádọ́ta."

"Ta ló bi ọ́ léèrè ọjọ́ orí mi?" Mo ju àkísà lù ú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbé orí lé ẹsẹ̀ irin rẹ̀ kan, mo sì sunkún dáadáa. Ọjọ́ tí mo bá nílò kó sọ̀rọ̀ gan-an ni kì í sọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé àpò náà dé abẹ́ igi ìyeyè. Gbogbo ìlú ló tẹ̀lé e, wọ́n tó ọgọ́jọ. Ìyá Olúgbodi wà níwájú.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ìyá aláyẹ̀wò."

Ó ti ń la ẹnu láti fi "Òo" tirẹ̀ lé e.

"Ẹ kú àárọ̀, ìyá mi," ni mo wí.

Ẹ̀gbà náà gbóná lọ́rùn mi bí irin tí wọ́n yọ nínú iná. Ohùn kékeré kan jáde lára rẹ̀: "Ìlú mọ́kàndínlógójì. Òfo." Lẹ́yìn ìyẹn ó tutù. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tó ti bàjẹ́, mo ní kó kúkú bàjẹ́ dé ìdí.

"Ẹ má tíì gbé àpò yẹn fún mi. Òkúta inú rẹ̀ ti kú. Èyí tó bá já fúnra rẹ̀, jíjẹrà ló jẹrà tó fi já, òun ló ń sán ògiri yín. Bí ẹ bá fi kọ́ àjà mẹ́rin, yóò wó pa yín. Inú òkè yín le, ó le ju ti ìlú èyíkéyìí tí mo dé lọ. Ẹ ní láti gbẹ́ ẹ. Ẹ ya awọ pupa yẹn dànù títí ẹ ó fi kan èyí tó dúdú, kí ẹ kó o wá kí oòrùn òní tó wọ̀."

Láníyọ̀nu ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé inú rẹ̀ le, ìyá?"

"Mo lù ú."

Ìyá Olúgbodi wò mí. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀. "Òkúta dúdú àná," ni ó wí. "Èyí tí mo kúnlẹ̀ sí."

"Kò já, ìyá mi. Èmi ni mo fọ́ ọ."

Ó wá ibi jókòó. Kò bú mi, ìbá sì sàn kó bú mi. Ó ń fi ọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀, níbi tó ti fi òkúta náà kàn.

"A bá a mulẹ̀," ni ó wí.

"Ìyá," ni Láníyọ̀nu wí, omi sì ti kún ojú rẹ̀, "Ibùdó ńkọ́? Bí wọ́n bá kó wa lọ, ta ló kù tí yóò bá òkè pa májẹ̀mú mọ́?"

Ìyá Olúgbodi fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí òkè. "Ẹ lọ ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ láéláé pé èmi ni mo ní kí ẹ ṣe é."

Mo fún Láníyọ̀nu ní òòlù. Wọ́n lọ. Ìyá Olúgbodi kò bá wọn lọ. Ó jókòó lábẹ́ igi, ó kẹ̀yìn sí òkè, èmi náà jókòó sẹ́nu àgọ́. Nígbà tí àkọlù kìíní dún, èjìká rẹ̀ sọ. Nígbà tí ìkejì dún, ó sọ. Mo kà á títí dé ogójì, n kò lè kà á mọ́. Àbíyamọ lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá ń kọ ọmọ rẹ̀ nílà, bó ṣe máa ń jókòó nìyẹn.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n gbé àwo kẹta dé. Dúdú ni gbogbo rẹ̀, ojú òòlù sì wà lára gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ Láníyọ̀nu ti bó. Mo rọ ọ́ sínú ife, Òṣùwọ̀n tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ gbọ̀n. Ó pẹ́ kó tó fọ́.

"Mọ́kàndínlógún," ni Òṣùwọ̀n wí. "Ó yege. Ìlú Ìdí-Ìyeyè lè kọ́ Ilé Gíga."

Mo ka ìwé ìkéde fún wọn. Ní ìlú mìíràn, ariwo ayọ̀ ìbá ti fa aṣọ àgọ́ ya. Níhìn-ín, kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Láníyọ̀nu jókòó sílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sílé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi. Ó dùn mí ju bí mo ti rò lọ.

Ọkọ̀ dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀. Mo ká àgọ́, mo ti Òṣùwọ̀n wọlé. Ó ti ń ka orúkọ ìlú tó kàn fún mi, ìlú kìíní. Nígbà tí mo gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti wọlé, mo rí Ìyá Olúgbodi tó ń bọ̀, òun nìkan. Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí ojú ọgbẹ́ tó wà lára òkè náà, ó ń dán nínú oòrùn.

Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó sinmi lórí ọ̀pá rẹ̀ títí èémí rẹ̀ fi padà.

"Ọmọ mi," ni ó wí. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. "Mo fẹ́ kí ọ kí o tó lọ, mo sì ti ń rò ó láti àná. Ilé kò ní wó pa wá, a ò sì ní lọ sí Ibùdó. Ìwọ lo ṣe é. Ẹni tó gbé wa pọ̀n nígbà omi, a ti fi irin ṣá a lẹ́yìn. Ìwọ náà lo ṣe é. Èwo nínú méjèèjì ni kí n kí ọ fún?"

Kò sí ìlú kankan lọ́wọ́ mi mọ́ tí ẹ̀gbà lè gbà. Mo lè sọ ohunkóhun tó bá wù mí lójúmọ́ yẹn, títí ọkọ̀ yóò fi gbéra. Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́fà wà ní ikùn mi.

"Ìyá mi," ni mo wí, "n kò mọ̀."

Ó mi orí. "Èmi náà ò mọ̀."

Ó yí padà, ó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà rẹ̀ lọ sílé. Mo wọ ọkọ̀, mo sì ti ilẹ̀kùn.